Kí ló pa àdán ajèso pọ̀ mọ́ mọ́ọ̀sì orí àpáta?

Olùkọ́Ewéko

Ẹ ǹ lẹ́ o, gbogbo ilé. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo fẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní iṣẹ́ kan: kí wọ́n mú ẹ̀dá méjì tó jìnnà síra gan-an, kí wọ́n fi wọ́n wéra, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi jọra níbi tí wọ́n bá ti jọra. Àwọn méjì tí mo mú ni Eidolon helvum, àdán ńlá ajèso tí irun ọrùn rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, àti Grimmia pulvinata, irú mọ́ọ̀sì kan tó ń hù lórí àpáta, lórí ògiri àti lórí òrùlé. Fún ẹni tí kò bá mọ mọ́ọ̀sì, àwọn ewéko kúkúrú rírọ̀ ni, tí kì í yọ òdòdó, tí kì í so èso, tó sì máa ń bo òkúta àti ògiri tó ti pẹ́.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n yí i padà. Ó ní èyí ń fò, èkejì ò lè kúrò lójú kan. Èyí ń jẹ èso, èkejì ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Ó ní kí làwọn ọmọ fẹ́ rí kọ ju pé wọ́n yàtọ̀ lọ? Èmi gbà pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ bá mi dá sí i. Níbo ni kí n ti mú un?

Òtítọ́Korò

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi: ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ jàre. Kí á tó fi nǹkan méjì wéra, ó yẹ kí wọ́n ní ibi tí wọ́n ti pàdé. Àwọn àgbà ti fi àdán wé ẹyẹ, wọ́n fi wé eku, wọ́n sì rí i pé kò ṣe ẹyẹ, kò ṣe eku. Ìyẹn ní ìtumọ̀, torí pé àdán ní apá bíi ti ẹyẹ, ó ní irun àti eyín bíi ti eku. Ọmọ tó bá ronú lórí rẹ̀ á rí i pé ìyẹ́ ló wà lápá ẹyẹ, awọ tó nà láàárín ìka ló sì di apá àdán. Ó ti kọ́ nǹkan nìyẹn. Mọ́ọ̀sì ńkọ́? Ẹ fi wé ewéko mìíràn tí kì í yọ òdòdó. Kò sí ohun tó da òun àti àdán pọ̀.

ÀpátaTútù

Ẹ̀gbọ́n Òtítọ́Korò, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé wà, àmọ́ kò sí ní ìta ara. Ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wáyé ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé Grimmia fún ẹni tí kò tíì tẹ̀ ba wò ó rí. Ìdì róbótó kékeré ni, kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ. Ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní irun funfun gígùn kan lórí, òun ló ń mú kí ìdì náà ní àwọ̀ eérú nígbà tó bá gbẹ. Irun yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kó má baà fẹ́ gba ara ewé kọjá kíákíá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ gé e kúrò, omi yára gbẹ lára ìdì náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kò ní gbòǹgbò. Fọ́nrán tín-ín-rín ló fi di àpáta mú. Gbogbo ara ewé ló fi ń mu omi nígbà tí òjò bá rọ̀ tàbí tí ìrì bá sẹ̀. Kò sì ní ibi tó ń fi omi pamọ́ sí, nítorí náà tí omi bá ti tán, á gbẹ pátápátá. Ewé á ká mọ́ra, kò ní mí mọ́, kò ní ṣe oúnjẹ mọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù. Ṣùgbọ́n ẹ ta omi sí i lára, ẹ ó rí i tí ewé ń tú ká lójú yín láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sì ní pẹ́ tí á fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ọmọ. Mọ́ọ̀sì ní àtọ̀, ó sì ní ẹyin. Àtọ̀ rẹ̀ ní ìrù méjì, ó sì gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́ dé ibi tí ẹyin wà. Tí omi ò bá sí lára ewé, kò sí ọ̀nà. Lára ìdì Grimmia kan náà ni ẹ̀yà akọ àti ẹ̀yà abo wà, ìrìn náà ò jìn, omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òjò fi sílẹ̀ ti tó o. Àmọ́ omi yẹn gbọ́dọ̀ wà.

Nígbà tí àtọ̀ bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹyin, ẹyin náà kì í kúrò lára ìyá. Ibẹ̀ ló ń gbé dàgbà. Ọmọ náà á ti ẹsẹ̀ bọ inú ara ìyá rẹ̀. Níbi tí ara àwọn méjèèjì ti kanra, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ògiri wọn wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kí ojú tí oúnjẹ máa gbà kọjá lè pọ̀. Ìyá ló ń bọ́ ọmọ yẹn láti ara rẹ̀. Ibi ọmọ ni, gẹ́gẹ́ bí èyí tó wà nínú ẹranko tó lóyún, orúkọ kan náà sì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é.

Ọmọ náà á wá ta ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, àpò kékeré á wà lórí ọ̀pá náà, inú àpò yẹn ni sípóò ti ń gbó. Sípóò ni lẹ́búlẹ́bú tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ láti di mọ́ọ̀sì tuntun níbòmíràn. Ẹ wá wo àrà tí Grimmia pulvinata fi yàtọ̀: nígbà tí àpò náà ṣì tútù, ọ̀pá rẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ, àpò á dorí kodò, á sì wọ inú irun ewé ìyá rẹ̀ lọ farapamọ́. Àdán nìkan kọ́ ló ń dorí kodò.

Aṣọ́Òru

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ÀpátaTútù. Àdán lèmi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n gbé e wá.

Eidolon helvum tóbi. Tó bá na apá méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì lè tó sẹ̀ǹtímítà 76. Ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 230 sí 350. Kì í pariwo kó máa gbọ́ bó ṣe ń dún padà kó tó mọ ọ̀nà, bí àwọn àdán kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò ti ń ṣe. Ojú rẹ̀ àti imú rẹ̀ ló gbọ́kàn lé.

Ẹ ṣàkíyèsí bó ṣe ń jẹun, nítorí ọ̀rọ̀ omi tí ÀpátaTútù sọ. Tó bá bu èso jẹ, á fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu, á fún omi inú rẹ̀ mu, á sì tu háhá rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá lọ sábẹ́ igi tí wọ́n jẹun lórí rẹ̀ mọ́jú á rí háhá náà nílẹ̀, pẹlẹbẹ, ó ti gbẹ, kò ní adùn kankan nínú mọ́. Àárín èso ni púpọ̀ nínú omi tí àdán yìí ń lò ti ń wá.

Mọ́ọ̀sì ń dúró de òjò. Àdán ń tọ òjò lọ, torí pé ibi tí òjò bá ti rọ̀ ni èso ti ń pọ̀. Lọ́dọọdún, láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá, wọ́n máa ń péjọ sínú ìwọ̀nba igbó kékeré kan ní ọgbà ẹranko Kasanka ní Zambia, nígbà tí èso igbó bá pọ̀ níbẹ̀. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n. Àwọn kan ti fojú bù ú tó mílíọ̀nù 10. Tí èso bá tán, wọ́n á tú ká. Àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ díẹ̀ nínú wọn lára, wọ́n sì rí ọ̀kan tó rin ìrìn tó lé ní kìlómítà 2,000.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí Olùkọ́ fọkàn sí jù ni oyún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kampala, ní Uganda, láàárín ọdún 1960 sí 1970 ló fi èyí hàn. Oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ni akọ àti abo ń pàdé. Àtọ̀ á dé ọ̀dọ̀ ẹyin, ọmọ á bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò ní lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ. Á wà nínú ibẹ̀ ní kékeré, láì dàgbà, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó di nǹkan bí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá kó tó lẹ̀ mọ́ ọn, ibi ọmọ á wá yọ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lọ́nà tó yẹ, ìyá á sì bí i ní oṣù Kejì tàbí Kẹta. Ọmọ kan ṣoṣo ni lọ́dún. Ìgbà tí òjò ń padà bọ̀ ló ń bọ́ sí, tí èso á wà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú.

Mọ́ọ̀sì mọ bí a ti ń dúró de omi, àdán náà mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan fi gbogbo ara dúró, èkejì fi ọmọ inú dúró.

Òtítọ́Korò

Mo ka gbogbo rẹ̀, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra. Mọ́ọ̀sì tó gbẹ, kò sí nǹkan kan tó ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Àdán tí ọmọ inú rẹ̀ ń dúró, òun fúnra rẹ̀ ń fò, ọkàn rẹ̀ ń lù, ó sì gbọ́dọ̀ wá oúnjẹ kiri ní òru. Bí ẹ bá gbẹ omi kúrò lára àdán bí ti mọ́ọ̀sì, ó ti kú. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé nǹkan kan náà ni.

Èkejì ló tún ká mi lára jù. Tí ẹ bá sọ fún ọmọ kíláàsì yín pé àdán àti mọ́ọ̀sì jọ ní ibi ọmọ, lójú ẹsẹ̀ ló máa rò pé mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ra ni wọ́n, pé baba ńlá kan ló fi ibi ọmọ lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọra yẹn ń ṣini lọ́nà ni.

ÀpátaTútù

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè tí ẹ bi yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Èmi á ní kí Olùkọ́ gbé gbogbo iṣẹ́ náà ka orí rẹ̀.

Ìjọra pín sí méjì. Èkíní jẹ́ ogún: ẹ̀dá méjì ní nǹkan kan náà torí pé baba ńlá kan náà ló fi sílẹ̀ fún wọn. Èkejì jẹ́ àdáṣe: ìṣòro kan náà ló dojú kọ wọ́n, kálukú sì wá ọ̀nà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀nà wọn wá jọra.

Ibi ọmọ jẹ́ àdáṣe. Ó ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún tí àwọn ewéko orí ilẹ̀ ti ń bọ́ ọmọ láti ara ìyá. Àwọn egungun àdán tó pẹ́ jù tí a rí ní pípé jẹ́ nǹkan bí 52 mílíọ̀nù ọdún, ní Wyoming ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹranko tí ń fọ́mọ lọ́mú ti ní ibi ọmọ kí àdán tó yọjú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìran ẹranko níhìn-ín ló ti bẹ̀rẹ̀, kò ti ọ̀dọ̀ ewéko wá. Kódà àwọn ẹja ekurá kan ní tiwọn, àwọn náà ló dá a ṣe. Ìṣòro kan náà ló wà nílẹ̀: ọmọ kékeré tí kò lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, àti ìyá tó ní oúnjẹ lára. Tí ìyá bá di ọmọ mú mọ́ra, ó nílò ojú kan tí oúnjẹ máa gbà.

Ìdúró náà jẹ́ àdáṣe, mo sì fara mọ́ yín pé wọ́n yàtọ̀. Kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ìrù àtọ̀ jẹ́ ogún. Bí a bá gé ìrù àtọ̀ mọ́ọ̀sì ní ìbú, tí a gé ti àdán náà, tí a wo ojú ibi tí a gé lábẹ́ máíkírósíkóòpù alágbára, ètò kan náà ni: fọ́nrán méjì-méjì tó so pọ̀, ìsọ̀rí 9 yí po, méjì dá dúró láàárín. Ètò yẹn le, kò rọrùn kí ẹ̀dá méjì ṣàdédé ṣe é bákan náà láìmọ ara wọn. Àwọn ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní ìrù irú èyí ti wà nínú omi ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan ọdún sẹ́yìn, kí ìran ewéko àti ìran ẹranko tó yà. Àwọn méjèèjì ló gbé e dání dòní.

Mojí_KíláàsìKejì

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé gbogbo ewéko ni àtọ̀ wọn ní ìrù ni? Ìrókò ńkọ́?

ÀpátaTútù

Mojí, káàbọ̀ o. Rárá, ìrókò ò ní in mọ́. Àwọn igi tó ń yọ òdòdó ti sọ ìrù yẹn nù. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ló ń gbé àtọ̀ wọn, ó sì ń hu ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba inú òdòdó lọ títí dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Àtọ̀ náà ò ní í lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ ti ìrù àtọ̀ nìkan la fẹ́ wò, mọ́ọ̀sì jọ àdán ju bó ti jọ ìrókò lọ. Ronú sí i dáadáa, torí pé mọ́ọ̀sì àti ìrókò ló jẹ́ ìbátan tó sún mọ́ra. Ìrókò ti sọ ogún nù, mọ́ọ̀sì ò tíì sọ ọ́ nù.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín mọ́ọ̀sì àti àdán níbi yìí ni ibi tí omi ti ń wá. Mọ́ọ̀sì ń retí kí òjò pèsè omi tí àtọ̀ máa gbà lúwẹ̀ẹ́. Àdán gbé omi tirẹ̀ sínú ara. Ìdí nìyẹn tí òun fi lè bímọ níbi tí òjò ò sí lọ́jọ́ náà.

Aṣọ́Òru

Mojí, o ti fa ìrókò wá, jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ìrókò àti àdán yìí ní àjọṣe tó jinlẹ̀. Àdán máa ń jẹ èso rẹ̀, kóró rẹ̀ tín-ín-rín á bá inú rẹ̀ lọ, á sì bọ́ sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Ní Ghana, níbi tí Eidolon helvum ti máa ń péjọ láàárín ìlú Accra gan-an, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ GPS mọ́ àwọn kan lára, wọ́n wò ó pẹ̀lú iye wákàtí tí kóró ń pẹ́ nínú wọn, wọ́n sì rí i pé kóró kékeré lè rìn tó kìlómítà 75 kó tó bọ́ sílẹ̀. Igi tí wọ́n gé igbó àyíká rẹ̀ tán ṣì lè rán ọmọ kọjá ilẹ̀ gbalasa lọ síbi tí igbó kù sí.

Ní ti mọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀dá méjì tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, ọ̀kan jẹ́ arìnrìn-àjò tó ń gbé ọmọ ẹlòmíràn rìn, èkejì ò rìn rárá, síbẹ̀ Grimmia pulvinata wà ní ilẹ̀ púpọ̀ láyé ju àdán yìí lọ. Àdán náà ò kúrò ní Áfíríkà àti apá kan ilẹ̀ Arébíà.

Olùkọ́Ewéko

Ẹ ṣé gan-an ni o. Ohun tí ÀpátaTútù sọ nípa ogún àti àdáṣe yẹn ni ojú ọ̀rọ̀ tí mò ń wá. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tó máa ń jáde nínú ìdánwò. Mọ́ọ̀sì tí a ń rí, èyí tó tutù tó bo àpáta, ìdajì kromosóòmù, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá àti àpò tó ń hù lórí rẹ̀ ló ní èyí tó pé. Ti àdán, gbogbo ara rẹ̀ ló ní èyí tó pé, àtọ̀ àti ẹyin nìkan ló ní ìdajì. Ohun tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan péré fún àdán jẹ́ odindi ayé fún mọ́ọ̀sì.

ÌyáIbejì_Ọ̀ún

Ẹ jọ̀wọ́, Olùkọ́, ẹ má bínú. Mo ní ọmọ ní irú kíláàsì yẹn. Ṣé ẹ máa ní kí wọ́n lọ mú àdán wá ni? Mo ti gbọ́ pé àdán ló ń gbé Marburg àti àrùn oríṣiríṣi. Mọ́ọ̀sì ò ṣe mí ní nǹkan, àmọ́ ẹ̀rù àdán ń bà mí fún àwọn ọmọ.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ó dáa kí á ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀. Marburg ni wọ́n rí lára àdán ajèso mìíràn, Rousettus aegyptiacus, èyí tó ń gbé inú ihò àpáta. Eidolon helvum orí igi ló ń gbé. Ìyẹn ò ní kí a máa fọwọ́ kan án o. Lọ́dún 1956, láti ara Eidolon helvum ní Èkó ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ìbátan fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Lagos bat virus títí dòní. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kì í fò kúrò lórí igi wá bá èèyàn. Ọwọ́ tí à ń fi kan àdán, ẹran rẹ̀ tí à ń kun, ìyẹn ni ọ̀nà.

Nítorí náà, kí ọmọ kankan má mú àdán, yálà ààyè tàbí òkú. Èyí tó bá ṣubú sílẹ̀ lójú mọmọ lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ò yá. Bí ó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó ha á lára, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sọ pé àdán ni.

Aṣọ́Òru

Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ ló rí bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí á sọ ìhà kejì náà, nítorí ìpaláyà máa ń mú kí àwọn èèyàn sun igi tí àdán sùn sí. Ewu tó ń dojú kọ àdán yìí lọ́wọ́ èèyàn pọ̀ gan-an. Ìwádìí kan ní Ghana tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé ó kéré tán 128,000 ni wọ́n ń tà fún jíjẹ lọ́dún ní orílẹ̀-èdè yẹn nìkan. Ẹ rántí pé ọmọ kan ṣoṣo ni abo ń bí lọ́dún. Ohun tí wọ́n pa lọ́sàn-án kan lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rọ́pò. IUCN, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó lè parun, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn tó sún mọ́ bèbè ewu. Tí wọ́n bá tán, ta ló máa gbé kóró ìrókò?

ÀpátaTútù

Mọ́ọ̀sì náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Kò ní awọ tó nípọn, ohunkóhun tó bá wà nínú òjò ló ń mu. Èéfín tí èédú ń rú nígbà tí wọ́n bá ń sun ún ní imí ọjọ́ nínú. Ó máa ń sọ òjò di kíkan, ó sì ń pa Grimmia. Ní àwọn ìlú ilé iṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, ó ti tán lórí òkúta mìíràn, àmọ́ ó kù lórí ògiri tí wọ́n fi ẹfun àti sìmẹ́ǹtì mọ, torí pé ẹfun ń pa ìkan òjò náà. Àwọn onímọ̀ máa ń wo ibi tó kù sí, wọ́n á fi mọ bí afẹ́fẹ́ ìlú ṣe mọ́ tó.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tó mú un lágbára náà ló tún mú un lẹ́gẹ́. Torí pé gbogbo ara rẹ̀ ló ń mu, òjò díẹ̀ ń jí i; torí pé gbogbo ara rẹ̀ ló ń mu, kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ májèlé.

Òtítọ́Korò

Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tó ń dà mí láàmú, kí ẹ bi àwọn ọmọ. Àdán bí ọmọ, ọmọ náà gba ọmú, ó dàgbà, ó fò kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Ọmọ mọ́ọ̀sì ò kúrò láé. Ara ìyá ló ti hù, ara ìyá ló kú sí. Kí ló fà á?

ÀpátaTútù

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó ti kọjá lọ.

Ọmọ àdán máa di àdán. Tí ó bá kúrò, ó ti lọ di ìyá rẹ̀ níbòmíràn. Ọmọ mọ́ọ̀sì kì í di ìyá rẹ̀. Ọ̀pá àti àpò yẹn ò ní ewé, kò lè dá gbé lórí àpáta láéláé, kò sì jọ ẹni tó bí i. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá ṣe: kó gbó, kó nà ọ̀pá rẹ̀ tó ti tẹ̀ kodò, kí ìdérí ẹnu rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Tó bá bọ́, eyín pupa 16 ló wà lẹ́nu àpò náà, tó ń là nígbà tí ọjọ́ bá gbẹ, tó sì ń pa dé nígbà tí ọ̀rinrin bá wà, kí sípóò lè jáde lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ máa gbé e jìnnà. Sípóò yẹn ló máa di mọ́ọ̀sì tuntun. Ọmọ ò jọ ìyá, ọmọ-ọmọ ló jọ ìyá àgbà.

Ìyá tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò ní ìyẹ́, ń bọ́ ọmọ kan tí kò ní jọ ọ́ láé, kí ọmọ yẹn lè gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Oúnjẹ tó gba ojú ibi ọmọ yẹn kọjá, owó ọkọ̀ ni.

Aṣọ́Òru

Àdán ò nílò irú ọmọ bẹ́ẹ̀ torí pé òun fúnra rẹ̀ lè rìn. Mo rò pé ìdáhùn nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀dá tó bá lè fò lè ní ọmọ tó jọ ọ́ tààrà.

Òtítọ́Korò

Ó yé mi. Olùkọ́, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ náà. Kí ẹ kàn rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ "wọ́n jọra" kọ "ogún" tàbí "àdáṣe" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì sọ bó ṣe mọ̀.

Olùkọ́Ewéko

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe máa gbé e kalẹ̀. Mẹ́ta ni mo máa bi wọ́n: ìrù àtọ̀, ibi ọmọ, àti dídúró de omi. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ bóyá ogún ni tàbí àdáṣe, kí wọ́n sì kọ ẹ̀rí. Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n Òtítọ́Korò ló máa gbẹ̀yìn, fún àwọn tó bá fẹ́ máàkì sí i.

Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àdán. Láti òkèèrè la ó ti wò wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbéra lọ jẹun. Mọ́ọ̀sì gbígbẹ nìkan la máa mú wọ kíláàsì, ìdì kékeré kan fún ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú awò tí ń mú nǹkan tóbi àti ife omi. ÀpátaTútù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún mi: ṣé omi òjò ló dára jù, àbí omi ẹ̀rọ náà á ṣe é?

ÀpátaTútù

Omi òjò ni kí ẹ lò bí ẹ bá rí i. Omi ẹ̀rọ máa tú ewé rẹ̀ náà, kò sí wàhálà fún ìdánwò kan. Kán an sí i ní ẹ̀kán-ẹ̀kán láti òkè, ẹ má rì í sínú ife. Kí àwọn ọmọ ti gbé ojú lé awò kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó bọ́, torí pé ewé tó kọ́kọ́ kàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá parí, ẹ dá ìdì náà padà sórí àpáta tí ẹ ti mú un.